Ẹ̀kọ́ Wa fún Oṣù Yìí: Omi Inú Táǹkì Ẹja Tuntun

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ti gba ẹ̀yáwó, tàbí tí ó ń gbèrò àtigbà á, láti fi mọ táǹkì kòǹkéré sí ẹ̀yìnkùlé kí ó máa sin ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀. Ó kan ẹni tí ó gbé àpótí onígíláàsì sínú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà lè máa wo ẹja aláràbarà pẹ̀lú, a ó sì yà sọ́dọ̀ irú wọn kí a tó parí. Omi ni ọ̀rọ̀ wa.

Bí ẹ bá bi àwọn tí ó ti kọ́wọ́ bọ iṣẹ́ ẹja léèrè ohun tí ó pa ẹja wọn àkọ́kọ́, àwọn kan á ní àìsàn ni. Àwọn mìíràn á ní ẹni tí ó ta ọmọ ẹja fún àwọn ló rẹ́ àwọn jẹ. Àwọn díẹ̀ á tilẹ̀ ní ayé ló ṣe é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí táǹkì bá jẹ́ tuntun, tí ẹja sì ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, àní bí omi náà bá mọ́ gaara tí ẹ ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi tó mọ́ lójú ènìyàn lè jẹ́ májèlé fún ẹja. Èyí ló ṣòro fún ọ̀pọ̀ láti gbà, nítorí náà a ó rọra tú u palẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ pé èlé orí ẹ̀yáwó kì í dúró de ẹja. Bí ẹja bá kú, owó tí a yá kò bá a kú, àwọn onígbọ̀wọ́ sì wà ńlẹ̀ tí wọn yóò máa wo ojú ẹni ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé.

Láti ara ògiri ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń se ọṣẹ dúdú mọ omi eérú dáadáa. Bí ọwọ́ bá kàn án, á máa yọ̀. Bí ó bá pẹ́ lára, á bó awọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an ni sìmẹ́ǹtì tuntun ń sọ omi táǹkì dà. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àwọn bíríkìlà wa, ẹ óo rí ohun tí à ń wí. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èyí, wọ́n ń pè é ní pH. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 lọ dé 14. 7 ni àárín rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, ní nǹkan bíi 2. Omi eérú wà lókè pátápátá. Ẹja àrọ̀ máa ń fẹ́ kí omi rẹ̀ wà láàárín 6.5 sí 8.5. Táǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ lè gbé omi kọjá 11. Ọmọ ẹja tí a bá dà sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè má rí ojúmọ́ ọjọ́ kejì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ, ẹ pọn omi kún táǹkì náà dé ẹnu, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ dà á nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀, ẹ tún pọn òmíràn sí i. Ó kéré tán, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú omi náà. A kò lòdì sí i, nítorí bí ìtì náà bá ń jẹrà, ó máa ń mú ìkan wá, ìkan yẹn a sì máa paná agbára sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jẹrà nínú omi ń jẹ atẹ́gùn inú omi tán pẹ̀lú. Ẹ gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ sì da omi náà nù pátá, kí ẹja tó wọlé. Ẹ má sì ṣe sọ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ di oògùn tí a kì í dán wò. Lẹ́yìn fífọ̀ ìkẹyìn, ẹ pọn irú omi tí ẹ óo máa lò gan-an, kí ó dúró fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá ri pépà ìdánwò pH bọ̀ ọ́. Pépà pélébé ni, kò wọ́n. Á yí àwọ̀ padà, ẹ óo sì fi àwọ̀ náà wé èyí tí wọ́n yà sára páálí rẹ̀. Bí ó bá ṣì kọjá 8.5, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní, "Ó ti lé lóṣù kan tí wọ́n ti kọ́ ọ." Ọjọ́ kọ́ là ń kà. Ohun tí pépà bá wí ni kí ẹ gbà.

Ibi tí omi ti ń wá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba máa ń ní kiloríìnì nínú, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kí àwa ènìyàn lè mu ún. Ó ń jó ẹja ní ibi tí ó fi ń mí. Bí a bá gbé irú omi bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láìdé e fún ọjọ́ kan sí méjì, kiloríìnì náà á fò lọ. Omi kànga ẹ̀rọ kò ní kiloríìnì, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn kan tilẹ̀ ní irin nínú. Bí wọ́n bá pẹ́ níta, wọ́n á di aláwọ̀ ilẹ̀ pupa, irin náà á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ gbé ẹnu páìpù sókè kí omi máa já wálẹ̀ láti ibi gíga, bí ẹni tí ń da tíì láti inú ife dé ife kí ó lè tutù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi kí ẹ tó lò ó. Kànga tí ó súnmọ́ ṣáláńgá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Ká ní sìmẹ́ǹtì ti rọ̀, omi sì dára, kí ló tún kù? Ẹja fúnra rẹ̀ ló kù. Òórùn tí ń ta yín nímú bí ẹ bá wọ ilé ewúrẹ́ tí wọn kò gbá fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ilé ìtọ̀ inú gáréèjì, amóníà ni wọ́n ń pè é. Ẹja náà ń tú u jáde, ibi pupa tí ó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gbà jáde, kì í ṣe ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Oúnjẹ ló ń dà bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ ẹja bá ní purotéènì tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò kan rẹ̀ á mú nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 40 amóníà wọ inú omi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táǹkì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 6, tí omi inú rẹ̀ sì jìn tó 3, á gba nǹkan bíi lítà 5,100. Bí ẹja bá jẹ kílò oúnjẹ kan tán nínú rẹ̀, tí a kò sì pààrọ̀ omi, amóníà inú lítà kọ̀ọ̀kan á súnmọ́ mílígíráàmù 7. Oríṣi amóníà méjì ló sì wà nínú omi: ọ̀kan kò lágbára púpọ̀, èkejì burú jáì. Ìwọ̀n pH ló ń pinnu èyí tí yóò pọ̀. Bí pH bá jẹ́ 7, oríṣi tó burú kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí pH bá gun 9, nínú irú ooru tiwa níhìn-ín, á ju 30 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò rí i pé táǹkì tuntun ni wàhálà méjèèjì ti ń pàdé: sìmẹ́ǹtì ń ti pH sókè, pH sì ń sọ amóníà kékeré di ohun tí ń pa ẹja.

Kí ló dé tí ẹja inú odò kò kú bẹ́ẹ̀? Nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú odò tí ojú wa kò rí. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n, wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta, mọ́ ẹrẹ̀, mọ́ igi tó rì sómi, ẹgbẹ́ méjì sì ni wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ kìíní ń jẹ amóníà, wọ́n ń sọ ọ́ di ohun kan tí à ń pè ní náítíráìtì. Oró ni náítíráìtì náà. Ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́, ẹja á máa mí, kò ní rí èémí. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ló ń jẹ náítíráìtì yìí, wọ́n sì ń sọ ọ́ di náítíréètì, èyí tí kì í tètè ṣe ẹja ní ibi. Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa mọ náítíréètì, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ohun tí àgbàdo ń wá nínú ìgbẹ́ adìyẹ nìyẹn. Òun náà ló fà á tí ẹ̀fọ́ fi máa ń dúdú mìnìjọ̀ níbi tí a bá ń da omi ẹja sí.

Kì í ṣe àlọ́ ni à ń pa. Ní ọdún 1877, àwọn ará Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, rọ omi ìdọ̀tí díẹ̀díẹ̀ gba inú ọ̀pá tí ó kún fún yanrìn. Fún 20 ọjọ́, bí omi ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Lẹ́yìn náà ni amóníà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí di náítíréètì. Wọ́n wá fi kilorofọ́ọ̀mù sí i, ohun tí ń mú kòkòrò sùn. Iṣẹ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń ṣiṣẹ́ nínú yanrìn yẹn. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni 20 ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn kòkòrò yìí kì í yára bímọ. Irú èyí tí ń ba ọbẹ̀ jẹ́ lè di ìlọ́po méjì láàárín ìdajì wákàtí. Tiwa yìí lè gba odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn aláró lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé a kì í da ẹ̀lú àti omi eérú pọ̀ lónìí kí a ri aṣọ bọ̀ ọ́ lónìí. Ìkòkò aró gbọ́dọ̀ pọ́n. Táǹkì ẹja náà gbọ́dọ̀ pọ́n.

Bí táǹkì ṣe ń pọ́n rèé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, amóníà á máa lọ sókè. Ẹgbẹ́ kìíní á wá pọ̀ tó, amóníà á wálẹ̀, náítíráìtì á gba ipò rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ kejì kò lè pọ̀ kí oúnjẹ wọn tó dé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin ni èyí máa ń le jù. Àsìkò yẹn gan-an ni onílé ti fọkàn balẹ̀ pé ewu ti kọjá, tí ó sì ti fi kún oúnjẹ. Ẹja tí kò kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní á wá kú ní ìkẹta, gbogbo ilé á sì ní ẹnìkan ló wá da nǹkan sómi lóru.

Ọ̀nà méjì ló wà láti la èyí kọjá. Ọ̀nà kìíní ni kí omi pọ́n láìsí ẹja nínú rẹ̀. Nínú irú táǹkì lítà 5,100 tí a sọ yẹn, ẹ lọ oúnjẹ ẹja ìdajì kílò, kí ẹ máa bù ú sómi díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ó máa jẹrà. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tí táǹkì rẹ̀ ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ sì wà ní àlàáfíà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ fi àpò onínẹ́ẹ̀tì tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ sínú tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e wá sínú tiyín ní tútù, láìjẹ́ kí ó gbẹ lọ́nà. Ara òkúta ni àwọn kòkòrò yẹn ń gbé. Bíbu omi nìkan wá kò mú púpọ̀ nínú wọn wá. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà á níbi tí ẹja bá ti ń ṣàìsàn o. Kí ẹ máa wọn amóníà àti náítíráìtì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí méjèèjì yóò fi gòkè, tí wọn yóò sì wálẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Òkúta láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn á gé e kúrú.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi ẹja díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó 400, ẹ kó 100. Ẹ fún wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ó má tó wọn yó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi ní ọjọ́ kejì kejì fún oṣù kan gbáko.

Èwo ni kí ọmọ ẹgbẹ́ mú? Lójú tiwa, ẹni tí ó ń lo owó ara rẹ̀ lè mú èyí tó wù ú. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀yáwó, ọ̀nà kìíní ló yẹ ẹ́. Àbá wa sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni pé kí a pín owó iṣẹ́ ẹja sí ọ̀nà méjì. Kí ọmọ ẹgbẹ́ gba ti táǹkì àti omi lákọ̀ọ́kọ́. Kí ó má gba ti ọmọ ẹja àti oúnjẹ títí pépà ìdánwò yóò fi fi hàn pé omi ti pọ́n. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, owó ọmọ ẹja á wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù méjì, èlé á máa gun orí rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ títí yóò fi ra ẹja sínú omi tí kò tíì ṣe tán. A ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ìdádúró lásán ni èyí. Kí wọ́n wá sọ ọ́ níwájú ìpàdé kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tún wà níbẹ̀, ó sì ń dun àwọn ìyá wa bí a bá sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ògiri inú táǹkì á ní nǹkan kan tí ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Onílé tó fẹ́ràn ìmọ́tótó á fa gbogbo omi, á fi ọṣẹ àti bílíìṣì ha á kúrò, á sì pọn omi tuntun. Ara nǹkan tí ń yọ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé; ó ti lé gbogbo wọn kúrò nílé lọ́jọ́ kan, ó tún padà sí ọ̀sẹ̀ kìíní pẹ̀lú 400 ẹja tí ebi ń pa. Ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ni kí ẹ máa fà jáde. Ẹ fi ògiri sílẹ̀.

Ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń tan ènìyàn. Ó lè gòkè wá gba atẹ́gùn lójú omi, nítorí náà ó ń fara da omi tí ẹja mìíràn kò lè fara dà fún wákàtí kan. Kò ní tètè kìlọ̀ fún yín. Àmì tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni pé kò jẹun mọ́; lẹ́yìn náà á máa nà ró lójú omi, á dúró gbagidi. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ fa ìdajì omi jáde, kí ẹ sì fi omi tó ti sinmi rọ́pò rẹ̀. Bí ìdánwò bá fi hàn pé náítíráìtì ni, iyọ̀ jíjẹ lásán ń ràn wọ́n lọ́wọ́: kílò kan sí lítà 1,000 omi, ẹ yọ́ ọ kí ẹ tó dà á sí i. Iyọ̀ kò ní kí náítíráìtì lọ, ṣùgbọ́n ó ń dí i lọ́nà kí ó má wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò ṣe nǹkankan sí amóníà. Kápúsù tí wọ́n ń tú sómi lásìkò yìí kò sì wúlò. Kò sí kápúsù tí ń gbé amóníà, ó sì lè pa àwọn òṣìṣẹ́ yín pẹ̀lú.

Bí omi tí oòrùn ń pa bá di aláwọ̀ ewé, ẹ má bẹ̀rù. Ewéko tíntìntín ló wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń jẹ lára amóníà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, wọ́n ń ti pH sókè; 7.5 àárọ̀ lè di 9 lọ́sàn-án. Ẹni tí ó ń wọn omi láàárọ̀ nìkan kò tíì mọ ohun tí ẹja rẹ̀ ń rí. Ẹ ta ìbòòji sórí apá kan táǹkì náà.

Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹja bá dé nínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ọ̀rá, ẹ má ṣe dà wọ́n sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa bu omi táǹkì sínú ohun tí wọ́n fi kó wọn wá, díẹ̀díẹ̀, fún ìdajì wákàtí. Ẹ wá fi nẹ́ẹ̀tì kó ẹja nìkan. Omi ìrìn-àjò yẹn ti kún fún amóníà, ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin onígíláàsì, òfin kan náà ló de yín, bí ẹ kò tilẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì. Àpótí lítà 60 kéré, ọ̀ràn inú rẹ̀ sì ń yára ju ti lítà 5,100 lọ. Ẹja méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá nítorí pé wọ́n lẹ́wà. Fóòmù tí ẹ̀rọ fi ń sẹ́ omi ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ tiyín. Bí ó bá dọ̀tí, inú omi tí ẹ bù láti inú àpótí náà ni kí ẹ ti rún un, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ní kiloríìnì.

Pépà ìdánwò pH àti oògùn tí a fi ń wọn amóníà àti náítíráìtì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá lè rà á lè yá a fún ọjọ́ méjì, kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì dá a padà kí ẹlòmíràn lè lò ó. Ẹ wọn omi lẹ́ẹ̀mejì: agogo méje àárọ̀ àti agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹ mú ìwé náà wá sí ìpàdé.